Olùṣọ́-Àgùntàn, Kí Ni O Ń Ṣọ́?

Àwọn àgbà wa ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. N kò bá wọn jiyàn. Ẹni tí yóò kọ́ ilé ìsìn yóò ra páànù àti ìṣó. Ẹni tí yóò lọ wàásù ní abúlé yóò san owó ọkọ̀. Oníwàásù pàápàá yóò sì jẹun kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa ń rí ní ìlú báyìí kọjá kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ti gun ẹni tí ó yẹ kí ó gùn ún, ìhìnrere sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹ, kò sì sí ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ, n kò sì ní fi epo bọ iyọ̀.

Mo mọ̀ pé kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi, ẹnìkan yóò ti dìde pé, “Ìwọ ọmọ kékeré yìí, ta ni ó fi ọ́ ṣe onídàájọ́ lórí àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run? Ṣé o kò mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ẹni-òróró ni?” Ní ti pé mo kéré, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ní ti ẹni-òróró, ẹ jẹ́ kí a wo inú ọ̀rọ̀ náà. Orin Dáfídì 105 ni wọ́n ti fà á yọ. Bí ẹ bá ka ẹsẹ méjì mẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn àtìpó díẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ni a ń sọ níbẹ̀, Ábúráhámù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọba alágbára ni a sì ń kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má ṣe wọ́n níbi. Ààbò fún aláìlágbára ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àwa ni a yí i padà tí a fi ṣe asà fún alágbára, kí aláìlágbára má baà lè bi í léèrè ohunkóhun. Òtítọ́ ni pé Dáfídì kò pa Sáúlù nígbà tí ó bá a nínú ihò, nítorí pé ẹni-òróró ni. Ṣùgbọ́n bí ọba ti jáde kúrò nínú ihò náà ni Dáfídì ké pè é, tí ó sì sọ àìdára rẹ̀ fún un lójú gbogbo ènìyàn. Kí a má pa ènìyàn lára yàtọ̀ sí kí a má sọ òtítọ́ fún un.

Ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ balẹ̀ ju ti ẹni ìṣáájú lọ yóò ní, “Ọlọ́run nìkan ni ó mọ inú. Ìbáà jẹ́ nítorí owó, ìbáà jẹ́ nítorí ìfẹ́ ni olùṣọ́-àgùntàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ta ni nínú wa ni ó lè mọ̀?” Ìbéèrè yìí ni ó ṣòro jù láti dáhùn, abẹ́ rẹ̀ náà sì ni ìwà ìbàjẹ́ máa ń sá pamọ́ sí jù. Èrò mi ni pé ọ̀nà kan wà tí ọmọ ènìyàn lè gbà mọ ohun tí ń bẹ nínú olùṣọ́-àgùntàn, kò sì gba ìran rírí rárá. Kí a wo ilé tí ó ń wọ̀ ni. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe níbi tí èrè wà kò sọ nǹkankan fún wa nípa ọkàn rẹ̀, nítorí pé ẹni rere ń ṣe é, ẹni búburú náà sì ń ṣe é. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbi tí kò sí èrè, tí kò sí ìlù, tí kò sí ẹni tí ń ya àwòrán, òun ni ó ń tú inú rẹ̀ síta. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ. Ìyókù àlàyé ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn orúkọ wọn léèrè. Èdè ni èmi ń kọ́, àwa tí a sì ń kọ́ èdè mọ̀ pé orúkọ a máa rántí ohun tí ẹni tí ń jẹ́ ẹ ti gbàgbé. Pásítọ̀ tí a ń pè yìí, èdè Látìn ni. Darandaran ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ń da ẹran lọ síbi koríko. Mínísítà, Látìn náà ni. Ìránṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wá láti inú èdè Gíríìkì, ó gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa; alábòójútó ni, ẹni tí ojú rẹ̀ ń bẹ lára iṣẹ́. Díákónì, Gíríìkì ni òun náà, ìránṣẹ́ náà ni. Ẹ wò ó bí kò ti sí ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe oyè jíjẹ. Iṣẹ́ ni gbogbo wọn, iṣẹ́ tí ń dọ̀tí aṣọ. Àlùfáà nìkan ni ó yàtọ̀, òun sì ni a yá lọ́wọ́ àwọn ará wa Mùsùlùmí, tí wọ́n ti ń pe àwọn olùkọ́ wọn bẹ́ẹ̀ kí Bíbélì tó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, tí iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1884, dé ibi tí a gbé ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ń tọ́jú agbo, wọn kò pè é ní olówó àgùntàn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pè é ní baba àgùntàn. Olùṣọ́-àgùntàn ni wọ́n pè é. Ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan kì í sùn. Ohun tí a sì fún ènìyàn ṣọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Darandaran ti di Dádì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìránṣẹ́ ní ẹni mẹ́ta tí ń ṣe ìránṣẹ́ fún un kí ó tó dé orí pẹpẹ: ẹnìkan gbé Bíbélì rẹ̀, ẹnìkan mú aṣọ ìnujú rẹ̀, ẹnìkan sì ń ti ènìyàn sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Alábòójútó ti di ẹni tí a ń bójútó. Bí àgùntàn kan bá fẹ́ rí i, yóò kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé, yóò dúró fún oṣù méjì, wọn yóò sì bi í pé kí ni ó mú wá.

Wòlíì Èsékíẹ́lì, ní orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n ìwé rẹ̀, bá àwọn olùṣọ́ Ísírẹ́lì wí pé wọ́n ń jẹ ọ̀rá ẹran, wọ́n ń fi irun rẹ̀ ṣe aṣọ, ṣùgbọ́n wọn kò bọ́ agbo. Aláìsàn kò rí ìtọ́jú, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kò rí ẹni dì í, èyí tí ó sọnù kò rí ẹni wá a. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, tí ó kú ní ọdún 430, fi ìwàásù gígùn ṣàlàyé orí náà fún ìjọ rẹ̀, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun náà yóò jíhìn iṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àfiwé yìí tí ó yẹ kí Yorùbá ronú sí. Àgùntàn ilẹ̀ àwọn Júù ní irun púpọ̀ tí a lè rẹ́ lọ́dọọdún, tí ẹran náà yóò sì wà láàyè, tí irun mìíràn yóò tún hù. Àgùntàn tiwa tí ń jẹ èèpo iṣu kiri àdúgbò kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń wá èrè lára rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ni yóò gé. Nítorí náà, nígbà tí olùṣọ́ bá dojú kọ ìjọ aláìní tí ó ní kí wọ́n mú ọrẹ kẹrin wá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó sì mọ̀ pé owó ilé ìwé ọmọ àti owó oògùn ni wọ́n ń tú ní etí ìró, kí ó má ṣe rò pé irun ni òun ń rẹ́.

Pétérù, tí Olúwa fi agbo lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní etí òkun Tìbéríà, kọ̀wé sí àwọn alàgbà, ó sì ka ohun mẹ́ta tí kò yẹ kí ó ti ènìyàn sẹ́nu iṣẹ́ yìí: àfipáṣe, ìfẹ́ èrè, àti ìfẹ́ láti jọba lórí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni àfipáṣe. A ní àwọn olùṣọ́ tí iṣẹ́ yìí já lé lórí bí ogún: baba rẹ̀ ni ó dá ìjọ sílẹ̀, òun sì ni àkọ́bí. A ní àwọn mìíràn tí wọ́n wá iṣẹ́ ìjọba tì, tí wọ́n wá iṣẹ́ báǹkì tì, kí wọ́n tó wá gbọ́ ìpè. N kò sọ pé Ọlọ́run kò lè pe aláìríṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà, ìjọba sì ń san owó oṣù fún un, nígbà tí ó gbọ́ ìpè tirẹ̀ ní ọdún 1928. Ó fi iṣẹ́ olówó oṣù náà sílẹ̀. Ní 1930 ni ìsọjí ńlá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní Òkè Ooye ní Iléṣà; ní 1932, inú ẹ̀wọ̀n ní ìlú Bìní ni ó wà fún oṣù mẹ́fà. Òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìpè. Ọ̀pọ̀ lónìí ń fi ìpè wá iṣẹ́.

Èkejì ni ìfẹ́ èrè. Pọ́ọ̀lù ń pa àgọ́ kí ó lè jẹun. Nígbà tí ó ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó nà sí wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Èlíṣà wo Náámánì sàn, ó sì kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Géhásì ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó sá tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà, tí ó purọ́ gba fàdákà àti aṣọ, ẹ̀tẹ̀ ni ó sì fi gbà á. Ó dùn mí láti sọ pé ìdílé Géhásì ni ó bí sí i jù ní ìlú wa. Wọn kò tilẹ̀ ń sá tẹ̀lé Náámánì mọ́; wọ́n ti kọ nọ́ńbà báǹkì wọn sára ògiri. Wọ́n sọ fún aláìsàn pé kí ó gbin irúgbìn kí ó tó rí ìwòsàn. Mo bi yín, ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀: àgbẹ̀ wo ni ó ń gbin àgbàdo sí oko ẹlòmíràn, tí ó sì ń retí ìkórè ní oko tirẹ̀? Ẹni tí ó ni oko ni ó ń kórè. Ẹ wo ilé olùṣọ́, ẹ wo ilé ẹni tí ó gbin irúgbìn, ẹ ó mọ oko ta ni òjò ti rọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìfẹ́ láti jọba, ó sì burú ju ìfẹ́ owó lọ, nítorí pé ẹni tí owó tó lè sinmi, ṣùgbọ́n agbára kì í tó ẹnikẹ́ni. Irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò yan ọkọ fún ọmọ ọlọ́mọ, yóò sọ iṣẹ́ tí ọmọ ìjọ yóò ṣe, yóò ní kí ìyàwó má bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé ó rí i lójú ìran. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ègún ni yóò fi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá olùṣọ́ ti di kòbókò lọ́wọ́ rẹ̀. Àgùntàn tí ó dúró nítorí ìbẹ̀rù kò ní olùṣọ́, ẹlẹ́wọ̀n ni.

Mo padà sí òṣùwọ̀n mi, ilé tí olùṣọ́ ń wọ̀. Ẹ má rò pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìlú Kidderminster tí í ṣe ìlú àwọn ahunṣọ, olùṣọ́ kan wà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tí ń jẹ́ Richard Baxter. Bí 800 ìdílé ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun àti igbákejì rẹ̀ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀, ìdílé mẹ́rìnlá ni wọ́n sì ń bá jókòó lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdílé kan lẹ́yìn èkejì, kì í ṣe láti gba owó bí kò ṣe láti mọ bí ọkàn wọn ti rí. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́rìnlá lọ́nà 52 jẹ́ 728 ìdílé lọ́dún. Bẹ́ẹ̀ ni ara ọkùnrin náà kò le. Àìsàn kò fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1656 ó kọ ìwé sí àwọn olùṣọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ yìí bá wọn wí, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná. Kò ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò ní tẹlifóònù. Olùṣọ́ ti òde òní ní méjèèjì, ó sì ní àyè kò sí.

Nílé níbí náà a ti rí irú wọn rí. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ní Kúdẹtì. Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà etí òkun dí, owó kò wọlé, oúnjẹ sì wọ́n. Wọn kò sá fi àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu gbogbo wọn lè jẹ, ó sì di 1865 kí ọ̀nà ìrànlọ́wọ́ tó là. Nígbà tí àìsàn lé wọn lọ sílé ní 1869, Daniel Olúbi, ọmọ ilẹ̀ wa, ni ó gba iṣẹ́ náà, òun ni ó sì ń bójútó ìjọ Ìbàdàn nígbà tí ogun Kírìjì ń jà. N kò sọ pé áńgẹ́lì ni àwọn ará àtijọ́. Àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ tí ó dójú ti Àjàyí Crowther ní 1890, tí baba arúgbó náà fi kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891 pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn, oníwàásù ni àwọn náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí èrè tán ní Ìbàdàn, olùṣọ́ kò tán. Ibẹ̀ ni a ti mọ ohun tí ó gbé wọn wá.

Ẹ wá wo èyí tí ojú mi rí. Ní àdúgbò tí a bí mi sí, ìyá àgbà kan wà tí ń ta ẹ̀kọ. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti wà nínú ìjọ kan náà. Àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ní gbogbo ọdún méjì náà, olùṣọ́ rẹ̀ kò wọ ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kò tó ibùsọ̀ kan sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń tajà ni ó ń pọn omi fún un. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó ní màmá jẹ owó ìjọ, ó jẹ owó ìkórè, wọn kò sì ní lu agogo fún un títí wọn yóò fi san án. Wọ́n yá owó, wọ́n san án. Ní ọjọ́ ìsìnkú, olùṣọ́ dé nínú aṣọ funfun, ó wàásù gígùn lórí ìṣòtítọ́ ìyá náà, orúkọ tí ó sì ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìwàásù kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Olúwa ní olùṣọ́ rere a máa fi orúkọ pe àgùntàn rẹ̀. N kò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí pé ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí ti dárúkọ mẹ́ta nínú ọkàn yín.

Mo mọ̀ pé ìjọ kò lè dúró láìsí owó ìjọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó lè sọ iye oṣù tí ìyá kò san owó, kí ló dé tí kò lè sọ iye oṣù tí olùṣọ́ kò fi ẹsẹ̀ kan ilé rẹ̀? Gbèsè wo ni ó tóbi jù nínú méjèèjì? Bí a bá fi ojú òtítọ́ wò ó, olùṣọ́ ni ó yẹ kí ó san owó fún àwọn ọmọ ìyá náà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gun orí pẹpẹ.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ ìjíhìn. Nígbà tí Sámúẹ́lì darúgbó, ó dúró níwájú gbogbo Ísírẹ́lì, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ jáde wá sọ ọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń gba owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn aláìní Jerúsálẹ́mù, ó ní kí àwọn mìíràn bá òun rù ú, kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí òun. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù kí a wò ó. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ní 2016, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó ìwé ìṣirò owó gbé ìlànà jáde tí ó fi ogún ọdún ṣe òpin àkókò tí ẹnìkan lè fi ṣe olórí ìjọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ariwo ta, ìjọba dá ìlànà náà dúró, ó sì yọ ọ̀gá àjọ náà kúrò. Ní 2020, òfin tuntun fún àjọ tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní agbára láti dá àwọn alákòóso ẹgbẹ́ àti ìjọ dúró bí a bá rí àbùkù nínú ìṣàkóso wọn. Ariwo tún ta. Bóyá àwọn tí ó pariwo jàre. Èmi náà kò fẹ́ kí ìjọba wa, tí kò tíì lè ṣírò owó tirẹ̀, wá máa yan olórí fún ìjọ. Ṣùgbọ́n mo ń dúró láti gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nítorí opó tí wọ́n kọ̀ láti lu agogo fún ọkọ rẹ̀, tàbí nítorí ọmọ ìjọ tí owó rẹ̀ kọ́ yunifásítì tí ọmọ tirẹ̀ kò lè wọ̀. Mo ti tẹ́tí títí, n kò gbọ́.

Bí mo bá dákẹ́ síbí, n kò ṣe òdodo, nítorí pé àwọn olùṣọ́ rere pọ̀ tí ìyà ń jẹ. Mo mọ katikíìsì tí ń gun ọ̀kadà láàárín ìjọ mẹ́ta ní ọjọ́ Ìsinmi kan, tí wọn kò san owó oṣù fún un fún oṣù márùn-ún, tí ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí kí wọ́n lè jẹun. Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo ilé. Kò sí àwòrán rẹ̀ lára ògiri kankan. Ìwé Mímọ́ tí ó ní kí olùṣọ́ má ṣe ìfẹ́ èrè náà ni ó ní owó ọ̀yà tọ́ sí alágbàṣe. Ìjọ tí ó jẹ́ kí ebi pa irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń dáwó ra ọkọ̀ kẹta fún olórí ní ìlú ńlá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn olùṣọ́ pé abúlé kò pé, ẹ wá sí ìlú.

Ẹ̀bi wa nìyẹn, àwa ọmọ ìjọ. Bí olùṣọ́ bá fẹsẹ̀ rìn wá sílé wa, a ó wo bàtà rẹ̀, a ó sì sọ láàárín ara wa pé Ọlọ́run kò tíì gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá bá wa wí nítorí owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a gbà níbi iṣẹ́, a ó wá ìjọ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun rí i pé a ó kọ́lé kí ọdún tó parí, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó sì fi owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà ṣe ọrẹ ìdúpẹ́. Ọjà tí a ń ná ni wọ́n ń pàtẹ. Àgùntàn tí ó ń wá olùṣọ́ tí yóò pọ́n ọn, tí kò fẹ́ èyí tí yóò dà á kúrò létí kòtò, kí ó má bínú bí ó bá bá ara rẹ̀ nínú ìkòkò.

Kí ni kí a ṣe? N kò pe ẹnikẹ́ni kí ó kúrò nínú ìjọ rẹ̀, n kò sì pe ẹnikẹ́ni kí ó sọ òkúta. Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí gbogbo ìjọ tí ó ní ìwé owó ní ìwé àbẹ̀wò pẹ̀lú, kí a máa kà á sókè ní ìpàdé ọdọọdún bí a ti ń ka ti owó: àwọn aláìsàn mélòó ni a bẹ̀ wò, àwọn opó mélòó, ta ni ó lọ, nígbà wo. Bí agbo bá pọ̀ ju ohun tí ẹnìkan lè mọ̀ lórúkọ lọ, kí a fi olùṣọ́ kún olùṣọ́ kí a tó fi páànù kún páànù. Èkejì, kí a má ṣe fi owó dí ọ̀nà ibojì mọ́. Kò yẹ kí a bá òkú jẹ́jọ́ gbèsè níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń sunkún; kí ìjọ Ọlọ́run má ṣe ohun tí ojú yóò ti abọ̀rìṣà láti ṣe. Ẹ̀kẹta, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe olórí ẹgbẹ́ àdúrà ní ọgbà yìí, tí wọ́n sì ti ń pe àwọn kan nínú wa ní pásítọ̀ kí irùngbọ̀n tó hù wọ́n, bi ara wa ní ìbéèrè náà kí a tó bi baba wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àìsàn dá dúró ní yàrá tí ó ṣìkejì tìrẹ, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ, tí kò ní ohun tí yóò fún ọ, ìgbà wo ni o wọ yàrá rẹ̀?

Ẹ̀yin olùṣọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí yín, n kò mọ inú yín, n kò sì sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ń pọ́n, òru sì ń ṣú ní àdúgbò yín, ẹ mọ àwọn ilé tí ó wà níbẹ̀ tí olówó kankan kì í yà. Ẹ dìde, ẹ lọ wọ ọ̀kan. Ẹ má mú ayàwòrán lọ, ẹ má mú àpò ọrẹ lọ. Ẹ jókòó lórí àpótí tí wọ́n bá gbé fún yín, kí ẹ sì bi ẹni tí ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ pé kí ni orúkọ rẹ̀.